Ojú Tí Shefika Kò Fọ̀

Stuttgart
2 Oṣù Kẹsàn-án, 2018

Bàbá mi àgbà,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ tábà. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé Màmá ṣì ń lé yín síta bí ẹ bá fẹ́ mu sìgá?

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè ìdí tí mi ò fi pè yín. Bàbá, fóònù ilé wa kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí mo bá ti pè, Màmá á jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, á gbé e sáàárín àwọn tó ń sín ewé tábà, gbogbo àdúgbò á sì máa dá mi lóhùn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kó gbọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń kó ẹrù wálé ni mo fi ìwé yìí rán. Ẹ fún un lésì nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Ọṣẹ tí a fi ń fọ balùwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ti bó ọwọ́ mi. Mi ò fẹ́ darúgbó sídìí rẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mekóọ̀pù, ọ̀nà méjì ló sì wà. Obìnrin kan wà ní Sofia, olú ìlú wa, tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: èèyàn á wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, á kun ojú ara rẹ̀, á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́, òun náà á sì sọ ibi tó kù sí. Mo lè máa ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́. Èkejì ni ilé ẹ̀kọ́ kan níbí, tí wọ́n ti ń kọ́ni lójúkojú, lórí ojú èèyàn gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni, èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ, ó sì ju ọdún kan lọ. Mi ò ní ọdún kan. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Vezhdi ń gbé Feride níyàwó ní Oṣù Kìíní.

Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Salih bàbá Vezhdi rán èèyàn wá gba òrùka wọn lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin àti Salih yìí náà lẹ jọ jókòó tí ẹ ń mu kọfí. Àfẹ́sọ́nà mi ni Vezhdi, Bàbá. Feride sì ni ọ̀rẹ́ mi tó ti sùn lórí ìrọ̀rí mi. Òun ló ń rù ú kiri abúlé pé, "Ta ló mọ ohun tí Nefie ń ṣe nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì àwọn èèyàn?" Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó sì gba ọkọ.

Mo fẹ́ kun ojú ìyàwó yẹn ní funfun bí àṣà abúlé wa, mo fẹ́ lẹ ìlẹ̀kẹ̀ pẹlẹbẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí kò gbọ́dọ̀ la ojú, tí kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí lèmọ́mù á fi ṣe àdúrà, ọwọ́ tèmi ni mo fẹ́ kó wà lójú ẹ̀. Kí n kun ohun tí kò ní gbàgbé sí i.

Mo gbọ́ pé ọwọ́ Mama Shefika ti ń gbọ̀n, òun nìkan ló sì ń kun ìyàwó ní abúlé wa. Ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n máa gbé abọ́ ìkunra tẹ̀ lé e. Tíṣà ni yín, gbogbo èèyàn ló ń dìde fún yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Ọmọ yín,
Nefie


Yasenitsa
20 Oṣù Kẹsàn-án, 2018

Nefie mi,

Wà alékù sàlámù. Awakọ̀ náà fi ìwé rẹ pamọ́ sínú àpò ìyẹ̀fun kí ìyá rẹ má baà rí i. Ìyá rẹ kò rí ìwé, àpò ìyẹ̀fun ló rí, ó sì ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó sáré gbà á. Títí di òní ló ń bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ìyẹ̀fun ṣe.

O ní ọ̀nà méjì ló wà. Gbogbo ayé mi ni mo fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí tíṣà rẹ̀ kò lè rìn wá sẹ́yìn rẹ̀ kí ó wo ọwọ́ rẹ̀, yóò mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí òun ti ṣì í. Fọ́tò kò ní sọ fún obìnrin Sofia bóyá o tẹ ojú ẹni tí ò ń kùn jù. Lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi ojú èèyàn gidi kọ́ni. Bí ó bá gba ọdún kan, jẹ́ kí ó gbà á.

N kò ní sọ fún ọ pé kí o dárí jì wọ́n. Mo ti dàgbà ju ẹni tí ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹnu lọ, inú mi náà kò sì tíì rọ̀ sí ilé Salih. Òótọ́ ni pé mo mu kọfí rẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí ó le tó, èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ jẹun láti kékeré. Ìgbà tí n ó fi rí i, kọfí ti tán, ó sì ti dìde.

Ní ti Shefika, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ọ̀nà ilé rẹ̀ sì ga. Jẹ́ kí a wò ó ná.

Bàbá rẹ àgbà,
Nazif


Stuttgart
5 Oṣù Kẹwàá, 2018

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Ilé Mama Shefika wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, Bàbá. Bóo ni ọ̀nà rẹ̀ ṣe wá ga?

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ti orí fóònù, nítorí mi ò lè máa dúró dè yín. Danuta, ọmọ Poland tí a jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni mo fi ń kọ́ ọ. Lánàá mo kùn ún, mo ya fọ́tò, obìnrin Sofia sì kọ̀wé pé ó rẹwà púpọ̀, kí n tẹ̀síwájú. Danuta wọ balùwẹ̀, ó wo dígí, ó ké mí wá. "Nefie, ṣé ojú ni èyí àbí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́?" Mo fi ìka kàn án, ó sì fọ́ yángá. Kò sí èyí tó hàn nínú fọ́tò.

Kò burú. Kì í ṣe ẹwà ni mò ń wá. Mo ti ra nǹkan lúlú kan lọ́jà níbí, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń dà sẹ́yìn aṣọ ara wọn láti fi ṣeré. Ó ń yúni bí iná. Èèyàn lè pò ó mọ́ ìkunra funfun, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ẹ rò ó wò: Feride lójú ọ̀nà, níwájú gbogbo ẹrù ìyàwó tí wọ́n so kọ́ síta, tí ojú rẹ̀ ń jó, tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án!

Mo bi Màmá lórí fóònù, bíi pé mò ń ṣeré, ìdí tó fi jẹ́ pé òun nìkan ni Mama Shefika ò kùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó gbé fóònù kúrò láàárín àwọn èèyàn. Màmá, Bàbá! Màmá tó máa ń jẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Nígbà tó yá ó ní, "Bi bàbá rẹ àgbà."

Ó dáa, mo ń bi yín.

Nefie


Stuttgart
1 Oṣù Kọkànlá, 2018

Bàbá, ṣé ẹ ti kú ni? Awakọ̀ ti lọ, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ. Ó ní ẹ kàn juwọ́ sí òun láti ojú fèrèsé. Bí ẹ bá ti kú, kí wọ́n sọ fún mi kí n lè sunkún. Bí ẹ ò bá tíì kú, ẹ dá mi lóhùn.


Yasenitsa
14 Oṣù Kọkànlá, 2018

Nefie,

Wà alékù sàlámù. N kò tíì kú. Ẹ̀rù ló bà mí.

O béèrè ìdí tí Shefika kò fi kun ìyá rẹ: nítorí ohun tí mo ṣe sí Shefika ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí, kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ dé. Mo ní táì kan ṣoṣo, mo sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko tábà. Ìjọba ìgbà náà ti fòfin de ojú kíkùn. Wọ́n ní àṣà àìlajú ni, kí àwa tíṣà rí i pé ó dópin. Mo mọ tíṣà tí ó máa ń ti ara rẹ̀ mọ́lé lọ́jọ́ ìgbéyàwó kí ó lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Èmi jáde. Kò sí ẹni tí ó tì mí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ Yasenitsa lè lajú ju ọmọ Sofia lọ.

Wọ́n ń mú Shefika bọ̀ lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ ń dán lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dijú. Mo gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin, mo fà á lọ sí ibi ìsun omi ní àárín abúlé. Yìnyín wà nílẹ̀. Mo bu omi, mo fi ọwọ́ ara mi fọ ojú rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Èyí tí kò tètè kúrò nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo fi èékánná ha á. Kò pariwo, kò sì la ojú. Mo ní, "Ojú rẹ ti mọ́ báyìí. Là á." Kò là á. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rìn dé ilé ọkọ rẹ̀, ojú ní dídì, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Èmi padà sílé, mo jẹ ẹ̀wà àwo méjì. Mo lè sọ pé òfin ni, mo lè sọ pé mo kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ̀wà yẹn ni n kò rí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀. Ebi pa mí, oúnjẹ náà sì dùn.

Nígbà tí ìjọba yẹn lọ tí ojú kíkùn padà, Shefika ni àwọn ìyá àgbà kọ́. Kò sí ìyàwó tí kò kùn ní abúlé yìí àfi ìyá rẹ. Ó ní ọwọ́ ń dun òun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó kun ọmọ aládùúgbò wa.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá mo wọ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Òótọ́ ni o sọ, ọ̀nà náà kò ga. Ó wà lágbàlá, ó ń bó àgbàdo.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Nazif."

"Nazif wo? Nazif tíṣà, àbí Nazif tó máa ń bá ìyàwó oníyàwó bọ́jú?"

Mo dúró sí ẹnu géètì bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pẹ́ dé. Mo ní, "Shefika, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Ó mà yá o. Àgbàdo yìí ti sú mi, mò ń wá ohun tó máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ó yá, bẹ̀bẹ̀."

Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un. Mo sọ ti obìnrin Sofia, mo sọ ti ilé ẹ̀kọ́ Jámánì. Ó bó àgbàdo rẹ̀ títí mo fi dákẹ́.

"Fóònù," ó ní. "Ṣé fóònù yẹn ti kun òun náà rí? Níbí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, òun la máa kọ́kọ́ kùn. Á dijú, a máa fà á yí ilé ká, kò ní mọ ẹni tó di ọwọ́ òun mú. Ẹni tí ò bá tíì ṣe ìyẹn ò ní fọwọ́ kan ìyàwó kankan lójú mi."

"Ó máa ṣe é."

"Mo mọ̀. Ọmọ yẹn gbóná, mo sì fẹ́ràn ọmọ tó bá gbóná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́, mo nílò ẹnì kan. Àmọ́ ojú àkọ́kọ́ tó máa kùn, ojú tìẹ ni."

"Shefika, ọkùnrin ni mí."

"Ọkùnrin ni ẹ́? Mo rò pé ìjọba ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwọ ni yóò kùn mí nínú ilé òun, lẹ́yìn náà òun yóò dì mí lọ́wọ́ mú, ojú mi ní dídì, lọ sí ibi ìsun omi, lọ́jọ́ tí ọkùnrin bá kún ilé kọfí. Òun yóò fi ọwọ́ ara òun fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè gbé abọ́ tẹ̀ lé òun wọ yàrá ìyàwó tí ó bá wù ọ́.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n ronú. Ó ní, "Ronú. Má kánjú. Èmi náà ò kánjú."

Nefie, bí o bá kọ̀wé pé ti fóònù tó ọ, inú mi yóò dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí o bá ní kí n ṣe é, n ó ṣe é. Ìwọ ni kí o yàn.

Nazif


Stuttgart
25 Oṣù Kọkànlá, 2018

Bàbá,

Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé yín, nínú yàrá tí mi ò tíì tún ṣe. Nígbà tó yá mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò, ohun tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ lé mi.

Ibi ìsun omi yẹn lẹ ti máa ń fọ imú mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ máa ń kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sọ́wọ́ yín kó má baà tutù sí mi lójú.

Màmá wọ ilé ọkọ pẹ̀lú ojú lásán nítorí yín.

Mo ti dágbére fún obìnrin Sofia. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa wà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ má sọ ìdí tí mò ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n rò pé tábà ni mo wá bá Màmá dì.

Ẹ fá irùngbọ̀n yín. Ìkunra funfun kì í dúró lórí irun.

Nefie


Yasenitsa
10 Oṣù Kejì, 2019

Nefie mi,

Àsàlámù àlékùm. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà.

O lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, o kò sì bá mi sọ ju "Ó dàbọ̀" lọ. Ohun méjì ló wà láàárín wa tí a kò tíì sọ. N ó sọ tèmi, kí ìwọ náà sọ tìrẹ.

Shefika ní kí o dúró sínú ilé lọ́jọ́ tí o kùn mí kí abúlé má baà mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni, nítorí náà o kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ rẹ fúyẹ́, ọmọ mi. Mo jókòó, mo dijú, o ń fi ìka tẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì ń rántí èékánná mi. Lẹ́yìn náà Shefika fà mí dìde. Mo gbọ́ yìnyín lábẹ́ bàtà wa, mo gbọ́ ìgbà tí ariwo ilé kọfí dákẹ́. Ohùn Salih ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ jáde wá wo ìyàwó tuntun o! Tíṣà, ọkọ dà?"

Ẹlòmíràn ní, "Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyàwó náà kàwé!" Ilé kọfí bú sẹ́rìn-ín.  Shefika gbé ọwọ́ mi lé òkúta ìsun omi. Mo gbọ́ omi. Ó súnmọ́ etí mi, ó ní, "Dúró, mò ń bọ̀."

Mo dúró. Mo na ọrùn sílẹ̀ kí omi má baà wọ inú aṣọ mi, mo sì múra sílẹ̀ de òtútù rẹ̀. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Mo gbọ́ tí wọ́n padà sídìí kọfí wọn. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí mi lójú, mo sì ṣì na ọrùn. Ẹ̀yìn ọ̀rẹ̀yìn ni ẹni tí ó ni ilé kọfí jáde sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Tíṣà, obìnrin yẹn ti lọ sílé látìgbà yẹn. Ó ti tilẹ̀kùn ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe la ojú fúnra mi. Ká ní ó fọ̀ ọ́ ni, ìjà ìbá ti parí. Kò fẹ́ kí ó parí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, yóò ké láti inú àgbàlá pé, "Tíṣà! Mò ń bọ̀ o!" Yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó lọ.

Wàyí o, ìwọ. Ọkùnrin kì í wọ yàrá tí wọ́n ti ń kun ìyàwó, ẹ̀yin mẹ́ta nìkan lẹ sì wà níbẹ̀. Mo dúró láàárín àwọn èrò nígbà tí Feride jáde. N kò rí ìyàwó tí ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin ń pariwo, wọ́n ní ọwọ́ Shefika ti padà di ti ọ̀dọ́.   Ṣùgbọ́n nígbà tí lèmọ́mù parí àdúrà tí Feride la ojú, kò wo Vezhdi. Ó ń wá dígí. Wọ́n ní ó fọ ojú títí awọ fi ń bó, ó sì sọ fún wọn pé ìwọ ni. Salih gbé ìkunra tó kù nínú abọ́ lọ sí ilé ìtajà oògùn nísàlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò gbà.

Kí lo fi sí i?

Nazif


Stuttgart
22 Oṣù Kejì, 2019

Bàbá mi àgbà,

Ẹ kú òtútù. Mi ò fi nǹkan kan sí i.

Lúlú tó ń yúni yẹn ti jóná lọ́jọ́ tí Mama Shefika kùn mí. Ó ní kí n dijú, ó sì kùn mí títí ojú mi fi le bí èèpo ẹyin. Ó fà mí yí ilé ká. Mi ò mọ ẹni tó di ọwọ́ mi mú, mi ò mọ ohun tó wà lójú mi. Ó lè jẹ́ ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín, ó lè jẹ́ eérú ni wọ́n fi kùn mí. Ohun tó wà nínú báàgì mi ni mo wá rántí, ẹ̀rù sì bà mí bíi pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi kùn. Nígbà tó ní kí n la ojú, mo dà á sínú sítóòfù. Àwa méjèèjì wúkọ́ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní, "Kí lo dà síbẹ̀, ọmọ yìí?" Mo ní, "Oògùn ikọ́ ni, Màmá."

Ẹ má tíì yọ̀, Bàbá. Mi ò dárí ji ẹnikẹ́ni. Mo kàn rí i pé mi ò nílò lúlú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo fa gèlè bojú dé ìpéǹpéjú, mo gbé abọ́ tẹ̀ lé Mama Shefika wọlé. Feride ti dijú kí a tó wọlé. Ó gbọ́ ohùn Mama Shefika, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mama Shefika fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì, ó lọ jókòó ti sítóòfù. Bàbá, mo kùn ún dáadáa. Mo ya òdòdó sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo to ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti búlúù yí iwájú orí rẹ̀ ká. Mi ò tíì kun ojú tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo lẹ ìlẹ̀kẹ̀ tó kẹ́yìn, mo gbé ẹnu lé e létí.

Mo ní, "Nefie ni. Má la ojú o. Tó bá dalẹ́, wàá rí ohun tí mo fi kùn ọ́."

 Ẹyinjú rẹ̀ ń sáré lábẹ́ funfun yẹn bí òròmọdìyẹ nínú ẹyin. Kò lè là á, nítorí ìyàwó tó bá la ojú kó tó di àdúrà, gbogbo abúlé á ní ó ti ba ilé ọkọ rẹ̀ jẹ́. Kò lè pariwo. Kò tiẹ̀ lè sunkún, nítorí omi ojú á ya ọ̀nà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Mama Shefika gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó kàn ní, "Ó tó. Gbé abọ́."

Obìnrin Sofia yẹn, ká ní mo dúró tì í, ì bá kọ́ mi ní gbogbo àwọ̀ tó wà láyé. Kò ní lè kọ́ mi ní ohun tó wà nínú òkùnkùn yẹn. Èmi fúnra mi ti jókòó níbẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ fún ẹni tó jókòó níbẹ̀.

Ó dùn mọ́ mi títí bọ́ọ̀sì fi kọjá ẹnubodè wọ Serbia. Lẹ́yìn Serbia, mi ò mọ̀ mọ́.

Mama Shefika ní kí n padà wá nígbà ìwọ́wé, òun máa kọ́ mi ní ìyókù, tí mo bá lè kun ìyàwó látìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù dé òpin láìsọ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni létí. Mi ò tíì dá a lóhùn. Danuta ní kí n lọ, kí ojú òun lè sinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ fún ilé Salih pé kò sí nǹkan kan nínú ìkunra yẹn, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ ò bá sì fẹ́, ẹ dákẹ́. Ẹ ti dákẹ́ níwájú Salih rí.

Nefie


Yasenitsa
9 Oṣù Kẹta, 2019

Nefie mi,

Wà alékù sàlámù. Padà wá nígbà ìwọ́wé. Mo ti sọ fún ìyá rẹ, mo sì ti sọ gbogbo ìyókù fún un pẹ̀lú, láti orí ìsun omi dórí ẹ̀wà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi gbé kọfí síwájú mi. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ẹni tí ó ti bímọ lè jókòó kí ọmọ rẹ̀ kùn ún, kí ó kàn rí bí ó ṣe máa ń rí. N kò mọ èsì rẹ̀. Ìwọ àti Shefika lẹ ó mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ parí ìwé yìí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Salih dé.

Ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń fi ọ̀pá gbá a. "Tíṣà! Ẹ jáde síbí! Kí ni ọmọ yín fi kun ìyàwó ilé mi? Ọmọ yẹn ò jẹun, dígí ló ń wò ṣáá, ó ní nǹkan ń rìn lójú òun! Ẹ jáde!"

Mo jáde dé orí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, kò gùn, kò sì le. N kò tún ní wá a títí kọfí yóò fi tán. Bí mo bá ti lè sọ ọ́, Feride yóò sùn lálẹ́ òní. Mo wo Salih. Ó na ọrùn láti gbọ́ mi.

Mo ní, "Dúró, mò ń bọ̀."

Mo sì wọlé, mo tilẹ̀kùn, mo gbé kọfí kaná.

Ìyá rẹ ń wò mí láti ìdí tábà, ó ti fi ìbòrí bo ẹnu. Yìnyín ń bọ́ síta. Mo ń rí i láti ojú fèrèsé bí ó ṣe ń bọ́ sórí fìlà Salih. Kò tíì lọ. Ó rò pé mò ń bọ̀ lóòótọ́, mo sì mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tí ó bá dúró síbi tí ó dúró sí yẹn.

N ó jáde sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. N ó sọ fún un, nítorí Feride. Kí n mu kọfí yìí tán ná.

Bàbá rẹ àgbà,
Nazif